Ìda Pupa Abẹ́ Ẹ̀rọ Bàbá Bánjọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wá àwáwí. Èmi fúnra mi ti wá a títí, mi ò rí. Mo purọ́ fún àgbàlagbà kan tí kò ṣẹ̀ mí, nítorí eré, èmi tí mo ti bímọ mẹ́ta.

Gafar Àtàndá lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà ni gbogbo Kétu ń pè mí. Lọ́dún 1978 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Ìkòsí, níbi tí mo ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe. Karimot ìyàwó mi ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Rùfáì ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ télọ̀, wà ní òdìkejì títì.

Bàbá Bánjọ wá láti Ìjẹ̀bú, ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ pósófíìsì. Kò sí ẹni tó máa ń fura tó o ní àdúgbò wa. Bó bá ra ìrẹsì lọ́jà Máìlì Tuéèfù, á tún un wọ̀n nílé. Bí ẹ bá fún un lómi mu, á kọ́kọ́ wo ìdí ife. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó gbé páálí kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ẹnjiníà," ó ní, "Kúnbi ọmọ mi ló fi èyí ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Gémù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣàn. Mo so ó mọ́ tèmi, kò gbé nǹkan kan jáde. Ó kàn ń hó yàà bí òjò ni."

Mo yọ ọ́ wò. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, wáyà so àpótí kéékèèké méjì mọ́ ọn lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní bọ́tìnì rìbìtì tí wọ́n ń yí.

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin náà fẹ́ máa ṣeré ọmọdé?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí tábìlì mi. Àìsàn kan ti kọ lù ú lọ́dún tó ṣáájú, ọwọ́ náà rọ, àwọn ìka rẹ̀ sì ká kò.

"Nọ́ọ̀sì ni Kúnbi," ó ní. "Ó ní kí n máa yí bọ́tìnì yìí láràárọ̀. Ó ní bí mo bá ń lé bọ́ọ̀lù kiri, mi ò ní mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń fún àwọn ìka mi ṣe, pé wọ́n ṣì lè tú. Àmọ́ ó ní kí n má jẹ́ kó pẹ́. Bí wọ́n bá fi lè gan, ó parí nìyẹn."

"Ẹ ó sì tún máa kọ̀wé, sà."

"Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Láti oṣù keje ọdún tó kọjá ni mi ò ti kọ lẹ́tà sí ọmọ mi. Òun ń kọ, mi ò lè dáhùn. Mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wà nídìí lẹ́tà, Ẹnjiníà. Mo mọ ohun tí ojú àwọn èèyàn máa ń ṣe sí lẹ́tà olólẹ́tà."

Ẹ rí i báyìí pé mo mọ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan fi pa mọ́ fún mi.

Nígbà tó lọ, mo so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣàn oníbàárà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán. Mo ń yí tẹlifíṣàn náà díẹ̀díẹ̀, kúrò níbi tá a ti ń wo ìròyìn, títí mo fi dé ibi tó ṣófo. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú tẹlifíṣàn dúdú, ìlà kan là á láàárín, igi funfun kan yọ lápá òsì, òmíràn yọ lápá ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù kékeré kan tí kò ju ẹyọ ṣúgà lọ sì ń fò láàárín wọn.

Pí, bó bá kan igi. Pó, bó bá kan ògiri.

Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Tẹlifíṣàn Bàbá Bánjọ ni wọn ò yí síbi tó yẹ.

Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń tún tẹlifíṣàn ṣe, tẹlifíṣàn ló máa ń sọ ohun tí màá wò fún mi. Lọ́jọ́ náà, mo yí bọ́tìnì, igi funfun gòkè. Mo yí i padà, ó sọ̀ kalẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ariwo yẹn ni Rùfáì gbọ́ tó fi sáré sọdá títì, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Jókòó síbí. Mú ìyẹn dání. Má jẹ́ kó kọjá lára ẹ."

A gbá a títí di aago mẹ́rin tí ìròyìn ọ̀sán fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló borí, Rùfáì ló sì ń borí. Mo ní mo fẹ́ gbẹ̀san. Ó ní ó di lọ́la. Ọ̀la yẹn di ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nígbà tó di Sátidé kejì, Bàbá Bánjọ dé.

"Ẹnjiníà, báwo ló ṣe rí?"

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: Bàbá, kò sí ohun tó ṣe é, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín yí tẹlifíṣàn yín. Ẹnu mi ti là. Ni mo bá rántí pé lánàá, mo ti ní mẹ́rìnlá, Rùfáì ní mẹ́tàlá, tí iná fi lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo fẹ́ borí, iná lọ!

"Bàbá, mo ti tú u," mo ní. "Inú ẹ̀ ló jóná. Mo ti ránṣẹ́ sí Ìdúmọ̀tà kí wọ́n bá mi wá irú ẹ̀."

"O ti tú u?"

"Mo ti tú u, sà."

Ó ní kí n gbé e wá kí òun rí i. Ó fi ọwọ́ òsì gbà á, ó gbé e sáyà, ó dojú ẹ̀ délẹ̀ kọ ara rẹ̀, ó sì rọra fi àtàǹpàkò ra abẹ́ rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Kò burú," ó ní. Ó sì lọ.

Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Kí ló ń fi àtàǹpàkò wá? Kí ló dé tí kò bínú? Bàbá tó máa ń bá oníbúrẹ́dì jà pé búrẹ́dì fúyẹ́, mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ jóná, ó ní kò burú!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láago méjìlá. Mo fi bẹ́díṣíìtì bo fèrèsé. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá lójú títì, màá dín ohùn tẹlifíṣàn kù. Tí mo bá rí ẹni tó ń bá Bàbá Bánjọ sọ̀rọ̀, màá máa wo ẹnu wọn bóyá orúkọ mi ni wọ́n ń pè. Síbẹ̀, mi ò dá ẹ̀rọ náà padà. Mo ní kí n ṣáà borí Rùfáì lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ kejì ni màá gbé e lọ.

Mi ò sì borí. Bọ́ọ̀lù á máa bọ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, màá ní mo ti mú un. Lójijì, á yára, igi mi á ti kọjá ibẹ̀. Rùfáì á sì rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò fẹ́ràn.

Nígbà tó di Sátidé kẹta, Bàbá tún dé.

"Wọ́n ti rí i ní Ìdúmọ̀tà?"

"Kò tí ì sí, sà. Wọ́n ní ọkọ̀ òkun ló máa kó o dé."

"Ìwọ fúnra ẹ lo tú u, àbí ẹlòmíràn lo gbé e fún?"

"Èmi ni, sà."

Àtàǹpàkò yẹn tún ra abẹ́ ẹ̀rọ. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ti fi àkísà kékeré kan sáàárín àtẹ́lẹwọ́, kí èékánná má baà gún un, torí àwọn ìka náà ti ká wọlé sí i. Mo rí i. Mo gbójú kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Karimot ti ilẹ̀kùn wọlé bá wa. Ó ti ń fura láti ọjọ́ yìí pé obìnrin kan ló wà lẹ́yìn bẹ́díṣíìtì. Ohun tó bá ni ọkùnrin méjì tó ń fi gbogbo ara yí bọ́tìnì, tí ọ̀kan yọ ahọ́n síta.

"Bàbá Mọ́nsúrù, ta ló ni ẹ̀rọ yìí?"

"Ti oníbàárà ni."

"Oníbàárà wo?"

Rùfáì yọ́ jáde bí ológbò.

"Ṣé ti Bàbá Bánjọ nìyí? Èyí tẹ́ ẹ ní inú ẹ̀ jóná?" Ó káwọ́ méjèèjì lérí. "Ẹ̀yin! Ẹ gbé e lọ fún bàbá yẹn lónìí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Lọ́la," mo ní.

"Ọwọ́ ẹ̀ ń gan, ẹ̀yin náà ń rí i."

"Mo ní lọ́la, Karimot!"

Ó padà sídìí ọjà rẹ̀. Ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òun náà, pé ó lè lọ sọ fún Bàbá. Ẹ gbà mí o, ìyàwó tó ń bá mi sòótọ́ ni mò ń ṣọ́ bí olè.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Rùfáì nà mí ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́fà. Nígbà náà ni èrò kan sọ sí mi lọ́kàn. Kí ló dé tó jẹ́ pé bọ́tìnì apá ọ̀tún ló máa ń mú? Ṣebí òun ló jókòó ti ṣọ́ọ̀bù fún mi nígbà tí mo lọ kírun Jímọ̀? Ṣé kò ti fọwọ́ kan nǹkan nínú ẹ̀rọ yìí, tí bọ́tìnì tèmi fi ń lọ́ra?

"Rùfáì, jẹ́ ká pààrọ̀ ọwọ́."

"Pààrọ̀ kẹ̀? Ibi tó mọ́ mi lára nìyí."

Ìyẹn ló mú kó dá mi lójú. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo tilẹ̀kùn, mo dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ mi, kí n lè tú u wò.

Mi ò rí súkúrúù kankan. Nǹkan pupa kan ló dí gbogbo ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ṣe é láti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Mo fi súkúdíráfà wú wọn kúrò, mo ṣí i, mo sì yẹ inú rẹ̀ wò. Kò sí ibi tí Rùfáì fọwọ́ kàn. Àmọ́ ẹni tó ti ń fura kì í fẹ́ gbà. Mo ní kí n gbé wáyà bọ́tìnì apá ọ̀tún sí apá òsì. Mo gbé irin gbígbóná tí mo fi ń yọ́ òjé, mo sì fi ìkánjú tẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà náà. Èéfín tín-ínrín kan rú láti ibi tí kò yẹ kó ti rú.

Mo pa á dé, mo tàn án. Ìlà wà láàárín. Igi funfun méjèèjì wà. Bọ́ọ̀lù ni ò sí.

Mo pa á, mo tàn án, bí ìgbà ogún. Bọ́ọ̀lù ò jáde. Mo ti ń sọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì pé inú ẹ̀rọ yẹn jóná, ó wá jóná lóòótọ́.

Ìgbà tí mo ń gbá tábìlì ni mo mú ọ̀kan nínú àwọn nǹkan pupa yẹn sókè. Lẹ́tà B wà lára ẹ̀, kedere, bí ìgbà tí wọ́n fi òrùka tẹ̀ ẹ́. Ìda ni. Ìda pupa tí wọ́n máa ń yọ́ sẹ́yìn lẹ́tà pàtàkì ní pósófíìsì, tí wọ́n á lu òǹtẹ̀ lé, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹnì kan bá ṣí i lọ́nà.

Bàbá Bánjọ ti lẹ ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó gbé e wá. Ohun tí àtàǹpàkò yẹn ń wá nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo ń sọ pé mo ti tú u, ìda rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń fọwọ́ kàn án, ó sì ń wojú mi.

Ó yẹ kí n sáré lọ bá a. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ ra àbẹ́là pupa. Mo yọ́ ọ sínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì mi tẹ̀ ẹ́.

Sátidé kẹrin, Bàbá jókòó síwájú mi. Karimot wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń to mílíìkì. Mo gbé ẹ̀rọ fún Bàbá. Àtàǹpàkò rẹ̀ dé abẹ́, ó sì dúró.

"Ẹnjiníà, o ti tú u?"

"Mo ti tú u, sà. Ó ti pẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣebí mo ti sọ fún yín."

Ó gbé e sún mọ́ imú. "Àbẹ́là," ó ní. "Ìda tèmi kì í rùn báyìí."

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Rùfáì ti yọ lẹ́nu ọ̀nà tòun ti téèpù lọ́rùn.

"Ẹnjiníà! So ó mọ́ tẹlifíṣàn kíá, wá gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tìẹ tòní!"

Ó rí Bàbá Bánjọ. Ẹ̀rín kú lójú ẹ̀.

Ojú ń tì mí débi pé ìka ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò.

"Ẹnjiníà," Bàbá ní, ohùn rẹ̀ ò sì ga rárá, "lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó o ti ní o tú u, mo ti mọ̀ pé o ò tú u. Ìda mi wà níbẹ̀ digbí. Mo ro ó lọ sílé. Mo ní, bóyá ọmọ yìí ò mọ irú ẹ̀rọ yìí tú, ojú ló ń tì í láti sọ. Mo ní kí n má dójú tì í níwájú ìyàwó ẹ̀, kí n fún un láàyè, á kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé o tú u tí o ò lẹ̀ ẹ́ padà ni, ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ lónìí, ǹ bá má sì mọ nǹkan kan."

Ó wo Rùfáì, ó tún wò mí.

"Gbogbo èèyàn ni mo máa ń fura sí. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ nìkan ni mo ní kí n má fura sí."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Karimot ti ń sunkún.

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́?" Bàbá bi mí.

Mo so ó mọ́ tẹlifíṣàn, torí mi ò lè fi ẹnu mi sọ ọ́. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé bọ́tìnì, ó fi ọwọ́ òsì tì í. Igi funfun náà gòkè díẹ̀, ó dúró. Kò sí bọ́ọ̀lù tó máa gbá.

"Ẹ ṣì lè máa yí bọ́tìnì náà, Bàbá," Karimot ní.

"Rédíò mi nílé ní bọ́tìnì, ọmọ mi. Mo ti ń yí i. Ó máa ń sú mi. Kúnbi mọ̀ pé ó máa ń sú mi, ìdí tó fi fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ nìyẹn."

Ó pa tẹlifíṣàn. "Fún ọkọ ẹ ní bébà. Ẹnjiníà, dìde, mú bírò. Kọ ohun tí mo bá sọ."

Mo jókòó.

"Kọ ọ́: Kúnbi ọmọ mi, ọwọ́ mi kọ́ ló kọ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ ẹni tó ba ẹ̀rọ rẹ jẹ́ ni."

Bírò dúró lọ́wọ́ mi.

"Kọ ọ́. Kọ orúkọ ẹ sí i pẹ̀lú."

Mo kọ ọ́. Mo kọ bí mo ṣe rí i pé kò bàjẹ́, bí mo ṣe purọ́, bí mo ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tí ìka Bàbá ń gan. Òun ń sọ ọ́, èmi ń kọ ọ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ burúkú kan sí i. Nígbà tá a parí, ó yọ ìda pupa nínú àpò rẹ̀. Mo ṣáná sí i, ó kán sẹ́yìn àpòòwé, ó sì fi òrùka tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n lọ fi ránṣẹ́ ní pósófíìsì.

Mo rò pé á bá mi lọ. Kò bá mi lọ. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí pósófíìsì Ṣómólú, mo ṣáà ń wo lẹ́tà yẹn. Gọ́tà pọ̀ lọ́nà, bí mo bá sọ ọ́ sínú ọ̀kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo fi ránṣẹ́.

Kúnbi rí òmíràn fi ránṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo gbé e lọ sílé Bàbá fúnra mi, mo yí tẹlifíṣàn síbi tó yẹ, bọ́ọ̀lù sì ń jáde dáadáa. Àwọn ìka ni ò tú mọ́.

Rùfáì ló sọ ìdí tí mi ò fi borí fún mi, nígbà tó ti pẹ́. Mo bi í bóyá ó fọwọ́ kan bọ́tìnì mi rí. Ó ní, "Bọ́tìnì wo? Ìwọ tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà lò ń wò ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀."

Bí ẹ bá jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, tí nǹkan oníbàárà ń dùn mọ́ yín, ẹ dá a padà lọ́jọ́ tó bá ti ṣe. Ẹ má ní kí ẹ kàn gbẹ̀san lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọdún mẹ́jọ ni Bàbá Bánjọ tún lò láyé. Kò gbà kí ẹlòmíràn bá òun kọ lẹ́tà, èmi nìkan ni. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, màá mú bírò lọ bá a. A máa ń kọ nípa òjò, nípa ọ̀nà Ìkòròdú tí wọ́n ń fẹ̀, nípa àwọn ọmọ mi tí Kúnbi ò rí rí. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé ká yọ gbólóhùn àkọ́kọ́ kúrò, pé ọmọ rẹ̀ ti mọ̀. Ó ní rárá, kí n kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́. Títí dé èyí tá a kọ gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀: Kúnbi ọmọ mi, ọwọ́ mi kọ́ ló kọ lẹ́tà yìí.